Pánẹ́lì Olójú Ìfọwọ́tẹ̀ ní Iléeṣẹ́ Wa, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Etí Ọ̀sà

Ògún onírin ni mo kọ́kọ́ júbà fún, torí irin la fẹ́ gé lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì ló bo ojú rẹ̀.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara wa gbé pánẹ́lì olójú ìfọwọ́tẹ̀ sí ara àpótí iná níléeṣẹ́. N óò sọ ọ́ bí a ti ń ṣe é, láìfi ẹnà bò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó máa bá wa rìn títí n óò fi jókòó: nígbà tí ẹni tó gbé pánẹ́lì yẹn síbẹ̀ bá ti padà sí Èkó, ta ni yóò tún un ṣe fún wa?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i. Tí ẹ bá wọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá, tàbí ilé búrẹ́dì ńlá, tàbí ibi tí wọ́n ti ń po oúnjẹ adìẹ, ẹ ó rí àpótí irin lára ògiri. Láyé àtijọ́, ojú àpótí yẹn kún fún bọ́tìnnì, gílóòbù pupa àti ti àwọ̀ ewé, àti mítà onítọ́ka. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan péré kún un, ẹ óò tún lu ihò, ẹ óò tún fa wáyà. Ní báyìí, gíláàsì kan tó fẹ̀ tó ìwé kékeré ti gba ipò gbogbo wọn. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù gbéra. Ẹ tún un tẹ̀, ẹ rí ìwọ̀n omi tó kù nínú táǹkì. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú àpótí, ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí a ń pè ní PLC. Òun ló ń ronú. PLC ló ń se ọbẹ̀, skríìnì wulẹ̀ ń gbé e jáde fún àlejò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ewu tí mo máa sọ níwájú ti ṣẹ̀ wá.

Skríìnì àti PLC kì í ṣe ohun àná rárá. Ní 1965 ni E. A. Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí rédà ìjọba ní Malvern, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé jáde nípa ojú ìfọwọ́tẹ̀ tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú lè lò. Ní 1968, Dick Morley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èrò PLC kalẹ̀. Modicon 084 ni wọ́n sọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Iléeṣẹ́ mọ́tò General Motors ló nílò irú rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ti fẹ́ yí irú mọ́tò tí wọ́n ń ṣe padà, àìmọye rélè, ìyẹn suwíṣì tí iná ń darí, ni wọ́n ní láti tú kí wọ́n sì tún wáyà wọn ṣe. Ní 1972, Frank Beck àti Bent Stumpe ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí kan létí ìlú Geneva, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976. Bọ́tìnnì tí yàrá ìdarí ẹ̀rọ yẹn ìbá gbà pọ̀ ju ohun tí èèyàn kan lè na ọwọ́ dé lọ. Ojú ìfọwọ́tẹ̀ ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín bí mo bá gbọ́ pé ara fóònù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ibi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ìjẹ̀bú Àríwá, Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn àti Ogun Waterside ló jọ ń yan aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo lọ sí Àbújá. Wọ́n tún jọ ní ìtàn iléeṣẹ́ kan. Ní Ìwópìn, létí ọ̀sà, ìjọba àpapọ̀ gbé iléeṣẹ́ ìwé kalẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà: Jẹ́bà, Oku-Iboku, àti Ìwópìn tiwa. Wọ́n gbin igi gmẹlínà lọ salalu sí ibi tí a ń pè ní J4 nínú igbó ọba Ọmọ, kí ẹ̀rọ Ìwópìn lè máa rí igi lọ̀. Igi náà hù, ó sì dàgbà. Owó kò tó láti gbé iléeṣẹ́ náà dé ibi tí wọ́n ní lọ́kàn. Fọ́nrán gmẹlínà kúrú, nítorí náà èyí tó gùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ìwé má baà ya gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá, pẹ̀lú dọ́là. Ìjọba ta iléeṣẹ́ náà fún aládàáni nígbẹ̀yìn. Títí di òní, láti ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ ti ń wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé pánẹ́lì ló pa Ìwópìn ń tan yín jẹ. Ohun tí mo ń fà yọ kò ju èyí lọ: agbègbè yìí ti rí ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ti òkèèrè wá, tí ohun tí yóò máa jẹ náà tún ń ti òkèèrè wá. Nísinsìnyí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ń yọjú láàárín wa, ẹ̀rọ wọn sì ní gíláàsì lójú. Bí ìmọ̀ gíláàsì yẹn kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ohun tó yí padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó wà nínú páálí. Mo mọ̀ pé àwa oníná kì í fẹ́ ka ìwé. A ti gé irin tán ká tó máa wá a kiri. Ìwé yẹn ló ní ìwọ̀n ihò tí ẹ óò gé, ìwọ̀n náà kì í sì í ṣe ọ̀kan náà láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, kódà bí gbogbo wọn bá jẹ́ íńṣì 7. Bí ihò bá fẹ̀ jù, rọ́bà tó yí etí pánẹ́lì ká kò ní rí irin jókòó lé, omi á sì ráyè. Bó bá há, ẹ óò máa fi tipátipá tì í, gíláàsì kò sì mọ ẹ̀bẹ̀. Ìwé kan náà ni yóò sọ bí irin ojú àpótí ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Irin fẹ́lẹ́ tó ń tẹ̀ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í kò lè gbé pánẹ́lì dúró dáadáa.

Kí ẹ tó gbé jígísọ̀, ẹ pa iná láti orísun rẹ̀, ẹ fi àgádágodo sí bírékà náà, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe kí ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ kan dúró tì í. Ọmọ iṣẹ́ a máa lọ ra ẹ̀kọ. Bí nǹkan bá ti wà nínú àpótí tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bo kọ́ńtáktọ̀, ìyẹn suwíṣì tó ń gbé iná fún mọ́tò, àti PLC kí ẹ tó lu ihò àkọ́kọ́. Ègé irin wẹ́wẹ́ tó ń fò kò ní ṣe yín ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí ẹ gé e. Ó máa ń sùn sínú kọ́ńtáktọ̀, ó máa ń dúró, títí ọjọ́ tí gbígbọ̀n ẹ̀rọ yóò fi gbé e sáàárín wáyà méjì. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n á sọ pé ayé ló ṣe ẹ̀rọ náà.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya ihò náà, ẹ lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá fi jígísọ̀ eléyín wẹ́wẹ́ gé e tẹ̀lé ìlà. Lẹ́yìn náà, fáìlì. Ẹ fá etí rẹ̀ títí tí kò fi ní gé ìka, kí ẹ sì kun ún lọ́dà, torí ojú irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni ìpẹtà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà náà dáadáa kí ó má ṣe lọ́ nínú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ wá gbé pánẹ́lì wọlé láti iwájú, ẹ fi àwọn ìdè rẹ̀ mú un láti ẹ̀yìn. Ẹ má dì í láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì. Ẹ di ti igun kan díẹ̀, ẹ lọ sí igun tó kọjú sí i, ẹ di ìyẹn náà díẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ báyìí títí wọn yóò fi le lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára fa sukurú kan, ó ti tẹ ojú pánẹ́lì. Ìka á máa tẹ ibí, ẹ̀rọ á máa gbọ́ ọ̀hún.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù sílíkónì ni wọ́n fi ń bo gbogbo àṣìgé wọn. Ọ̀bẹ ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi yọ ọ́. Mi ò gbà á fún ọmọ iṣẹ́ mi rí.

Ẹ ó rí IP65 lára páálí. Ìlànà àgbáyé ni: 6 túmọ̀ sí pé eruku kò ní wọlé rárá, 5 túmọ̀ sí pé omi tí wọ́n fi họ́ọ̀sì fọ́n sí i kò ní ṣe é ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í bó ti yẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ IP20, èyí tí kò dá eruku dúró. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí sọ́míìlì àti kúárì wà, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Etu igi àti eruku òkúta máa ń gba ihò wáyà tí ẹ kò dí wọlé, wọ́n á bo ẹ̀yìn pánẹ́lì, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Púpọ̀ nínú àwọn pánẹ́lì yìí kò fẹ́ kí ooru àyíká wọn ju 50 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àpótí irin tí oòrùn ọ̀sán ń pa lẹ́yìn òde lè kọjá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tan ohunkóhun. Nítorí náà ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, ẹ fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ yí i ká, kí ẹ sì dí gbogbo ihò wáyà pẹ̀lú ìdè kébù tó bá a mu. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Kí ó wà níwọ̀n ojú ẹni tó dúró, nítorí ẹni tó ń lò ó kì í jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ tún wà ńbẹ̀. Irú skríìnì kan wà tó ń gbọ́ títẹ̀, ohun yòówù kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Irú kejì, tó dà bíi ti fóònù wa, ara èèyàn ló ń gbọ́. Ní sọ́míìlì, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ lè máa lu irú kejì lọ láti àárọ̀ dalẹ́ láìrí ìdáhùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó ra.

Ní ti iná, ọ̀pọ̀ pánẹ́lì ń lo fóòtì 24, irú DC. Ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ 230 di 24. Ẹ ra ojúlówó rẹ̀, torí òun ni yóò jẹ gbogbo ìyà tí iná wa ń fi jẹ ẹ̀rọ. Èyí tó dára lè gba iná tó lọ sílẹ̀ púpọ̀, kó sì ṣì máa mú 24 jáde. Ohun tí ń pa á ni iná tó fò sókè lójijì, bí èyí tó máa ń wá nígbà tí àrá bá sán tàbí tí iná bá ń padà bọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń gba irú ìfò bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀, kí pánẹ́lì sì ní fíúùsì tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òun àti fáàfù tàbí rélè jọ máa mu nínú 24 kan náà bí ẹ bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí nígbà tí rélè bá já, iná tó tú jáde lára rẹ̀ a máa da skríìnì láàmú. Ẹ wo rere àti òdì dáadáa kí ẹ tó tan án. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà tí ẹlòmíràn fà.

Ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń fojú fò. Wáyà tó nípọn, tí kò gùn, láti ara pánẹ́lì dé ibi tí gbogbo ẹ́ẹ̀tì inú àpótí ti pàdé, láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pá tó wọlẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ pupa wa a máa gbẹ nígbà ọyẹ́, ẹ́ẹ̀tì tó dára ní oṣù kẹsàn-án sì lè ti di orúkọ lásán ní oṣù kìíní. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín pánẹ́lì àti PLC ló kù. Bó bá jẹ́ irú Ethernet, ẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó wà nínú ìdílé kan náà, bíi 192.168.1.10 àti 192.168.1.20, kí ẹ sì má so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní gbangba. Bó bá jẹ́ RS-485, wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra ni. Ó lè rìn jìnnà tó mítà 1200 bí ọ̀rọ̀ tó ń gbé kò bá yára jù. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ ohm 120 sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kó bá wáyà mọ́tò rìn nínú páìpù kan náà, pàápàá mọ́tò tí ẹ̀rọ tó ń yí ìyára padà ń darí. Èdè tí wọ́n sábà máa ń sọ sí ara wọn ni Modbus, tí iléeṣẹ́ Modicon gbé jáde ní 1979, tí kò sì tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn, ẹ wò ó bóyá ìyára wọn àti nọ́ńbà ilé wọn bára mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, síbẹ̀ tí wọn kò gbọ́ra, ẹ pààrọ̀ wáyà A àti B, torí iléeṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n kò gbà pẹ̀lú ara wọn lórí èwo ni A.

Mo fẹ́ dúró níbi tó ń bọ̀ yìí, ẹ fojú sí i.

Bọ́tìnnì pàjáwìrì kò gbọdọ̀ wà lórí skríìnì. Mo tún un sọ: bọ́tìnnì pupa olórí-olú, tó jókòó lórí ilẹ̀ ìyeyè, tí wáyà tirẹ̀ ń já kọ́ńtáktọ̀ gan-an, òun ni yóò dá ẹ̀rọ dúró bí ọwọ́ ẹnìkan bá há. Skríìnì lè dákẹ́. Ó lè máa tan láìgbọ́. Wáyà ọ̀rọ̀ lè já. Àwòrán bọ́tìnnì pupa tí ẹ yà sórí gíláàsì kò lè gba apá ẹnikẹ́ni là.

Ewu kejì fara pamọ́. Ẹ gbà pé ẹ ya bọ́tìnnì kan tí ẹ̀rọ yóò máa yí níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí rẹ̀. Ìka tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ dé PLC, ẹ̀rọ ń yí. Wáyà wá já nígbà tí ìka ṣì wà níbẹ̀. Ìka kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ìka ti kúrò kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ PLC. Ẹ̀rọ á máa yí lọ. Bọ́tìnnì tó ṣeé fọwọ́ dì mú ni kí ẹ lò fún irú iṣẹ́ yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí PLC máa ka nọ́ńbà kan tí skríìnì ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti dúró, kí PLC dá gbogbo ohun tó léwu dúró.

Ẹ̀kẹta, àwa gan-an la mọ̀ ọ́n jù lọ láyé. Iná lọ nígbà tí ayùn ń ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, ó ń yọ igi tó há. Àwọn ọmọdé pariwo, “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” Bí ẹni tó kọ ètò PLC kò bá ti sọ fún un pé kó gbàgbé àṣẹ tó wà nílẹ̀ kí iná tó lọ, ayùn á gbéra fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà mọ́tò, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iná wíńníwíńní lára PLC bóyá èyí tó yẹ ló tàn. Lẹ́yìn náà ẹ dá mọ́tò padà. Ẹ fa wáyà ọ̀rọ̀ yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ tún un tàn, ẹ wò bóyá ohunkóhun yóò gbéra láìgbàṣẹ. Oníná tí kò ṣe ìdánwò méjèèjì yìí níwájú ẹni tó ni iléeṣẹ́ kò tíì parí iṣẹ́.

Ní Ogun Waterside, ọ̀tá yàtọ̀. Láti Abígí lọ sí Ìwópìn, sí Màkún-Omi, sí Òde-Omi, omi ló yí wa ká, bí ẹ bá sì ti ń súnmọ́ òkun, iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Àpótí irin lásán tí a fi ọ̀dà kùn kì í pẹ́ kó tó dípẹtà níbẹ̀; irin aláìdípẹtà tàbí àpótí ike líle ló yẹ. Afẹ́fẹ́ tútù a máa wọ inú àpótí lóru, ìrì á sì rọ̀ sára pátákó wáyà láìjẹ́ pé òjò kan rọ̀. Ẹ so hítà kékeré sínú àpótí, kó máa tàn bí ara rẹ̀ bá ti tutù, tàbí kí ẹ fi àpò amúgbẹ tí ń fa omi mu síbẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ihò wáyà, ìsàlẹ̀ àpótí ni kó wà, kò gbọdọ̀ sí lórí. Skríìnì tó dà bíi ti fóònù a máa ka ẹ̀kán omi sí ìka. Ẹni tó ń darí pọ́ǹpù pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù yóò bínú sí i lójoojúmọ́. Ó sì ń ya èèyàn lẹ́nu pé omi tó ṣeé mu ṣì ṣọ̀wọ́n láàárín omi tó pọ̀ tó báyìí. Pọ́ǹpù tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, pẹ̀lú táǹkì àti ẹ̀rọ ìsẹ́mi, lè ran irú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó lè tún un ṣe kò bá jìnnà ju wíwọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan lọ.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kọ ètò skríìnì gbìyànjú: ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Oníṣẹ́ alẹ́ tó rí “Alarm 014” yóò pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá lè má gbé e. Ẹni tó rí “Omi inú táǹkì ti fẹ́ tán, ẹ pa pọ́ǹpù kejì” mọ ohun tó kàn. Ìṣòro kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú ètò lẹ́tà Unicode, wọ́n sì máa ń hàn lórí ọ̀pọ̀ pánẹ́lì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀. Àmì ohùn la máa ń gbé lé e lórí, pánẹ́lì mìíràn kò sì mọ̀ ọ́n gbé. Á já àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ sọ ọ́ di àwòrán, ẹ gbé àwòrán náà sórí skríìnì. Mo ti ṣe é, ó ṣiṣẹ́, àwọn tó ń lò ó kò sì mọ ìyàtọ̀.

Mo padà sí ìbéèrè mi. Mo mọ iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí pánẹ́lì rẹ̀ kú. Òmíràn wà lọ́jà, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni fáìlì ètò tó wà nínú èyí tó kú. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti PLC pa, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Pánẹ́lì tuntun láìsí fáìlì kò ju gíláàsì dúdú lọ. Wọ́n ní láti tún gbogbo ètò náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń ṣe èyí mọ̀ọ́mọ̀, kí oníbàárà má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwà ìkà ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ẹ má san ìyókù owó títí tí ohun wọ̀nyí yóò fi wà lọ́wọ́ yín: fáìlì ètò skríìnì àti ti PLC lórí fláàṣì méjì, ọ̀rọ̀ ìwọlé gbogbo wọn nínú ìwé, àti àwòrán wáyà tó bá ohun tó wà nínú àpótí mu, kì í ṣe ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pète. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà àwòrán náà sínú ilẹ̀kùn àpótí. Ẹ sì béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ oníná yín. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń fún wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Abraham Adesanya Polytechnic wà níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, ìgbà tó ṣì ń jẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbógùn ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Láti 1973 ni ètò SIWES ti wà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fojú rí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lo àsìkò náà láti máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá. Pánẹ́lì kékeré kan, PLC kékeré kan, àti àpótí irin kan kì í ṣe owó tí ẹ̀ka kan kò lè kó jọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n sì ń fi ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀gá oníná tó jókòó síwájú mi yìí mọ bí a ti ń gé irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ pe àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wá sí yàrá ìdánwò yín, kí ẹ san owó iṣẹ́ wọn fún wọn bí ẹ ti ń san án fún olùkọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ihò kan, kó di pánẹ́lì kan, kó sì dán an wò kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀.